Bí Ọdẹ́níran Ṣe Lọ Wá Orin Tẹ́ḿpìlì Nítorí Òkú Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, ẹ gbé ìbọn yín ti ògiri, kí ẹ sì yí ẹnu rẹ̀ sí òkè, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí máa ń mú ènìyàn fò dìde láìròtẹ́lẹ̀. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kí ó lọ sùn nílé rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì gbà mí gbọ́, ààyè wà fún un lẹ́yìn lọ́hùn-ún, níbi tí ìjàlọ pọ̀ sí. Ẹ mọ̀ mí. Mo ti pa ẹfọ̀n tí ó wọ bàtà rí, mo sì ti bá iwin jẹun nínú abọ́ kan náà, mo tún gbé iwin náà ṣubú nígbà tí ó fẹ́ mú ẹran tí ó kù nílẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò sọ ti ara mi lónìí. Ọdẹ́níran ará Ìgbórò, ọmọ Màmá Tàbítà, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọdẹ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mi. Mo ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ni o.

Màmá Tàbítà dàgbà, ó darúgbó, ó sì kú jẹ́jẹ́ lórí ibùsùn rẹ̀. Ìyá ìjọ ni. Òun ni ó ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Ìgbórò láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi imọ̀ ọ̀pẹ bo òrùlé rẹ̀, àwọn tí ó sì ń pàṣẹ níbẹ̀ lónìí, òun ni ó nu imú wọn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ọdẹ́níran nìkan ni ó bí. Ọmọ náà sunkún, ó nu ojú, ó wọ igbó lọ pa ẹran tí wọn yóò fi ṣe àlejò, lẹ́yìn náà ni ó lọ bá Olùṣọ́-àgùntàn Adégbùyì pé kí wọ́n dá ọjọ́ ìsìnkú. Kò mọ̀ pé ogun ti ń bẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ orin ni ogun náà. Tísà Akínṣílò, tí ó ń tẹ dùrù fún wọn, tí ó máa ń rìn bí ẹni pé òun gan-an ni bíṣọ́ọ̀bù, ní dùrù nìkan ni ó yẹ kí ó dún níwájú Ọlọ́run, nítorí pé dùrù ni wọ́n ń lò ní tẹ́ḿpìlì àwọn Hébérù láti ìgbà Dáfídì. Bọ̀dá Gídíónì, olórí àwọn onífèrè àti onílù, ní irọ́ ńlá ni, pé fèrè àti ìlù ni wọ́n fi ya tẹ́ḿpìlì náà sí mímọ́, pé gbohùngbohùn nìkan ni wọn kò tíì ní, bí wọ́n bá ní in, wọn ì bá so ó mọ́ gbogbo ògiri. Alàgbà Ṣówùnmí, ẹni tí kò mọ ohun èlò kankan í lò, ní àti dùrù àti fèrè ni yóò jóná, pé ẹnu lásán ni àwọn àpọ́sítélì fi kọrin. Báyìí ni ìjọ pín sí mẹ́ta. Àwọn ará dùrù kì í kí àwọn ará fèrè. Àwọn ará ẹnu-lásán kì í kí ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ń mi orí.

Bí ó bá jẹ́ pé òkú ẹlòmíràn ni, wọn ì bá ti wọ́ ọ lọ sin láìkọrin rárá. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni yóò wá síbi òkú Màmá Tàbítà, ẹgbẹ́ tí ó bá sì fi orin sin ín ni ìlú yóò mọ̀ pé ó borí. Nítorí náà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi àáké kọ́rí. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n tún un pè. Òkú wà ní mọ́ṣúárì.

Olùṣọ́-àgùntàn Adégbùyì jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń bínú sí i. Nígbà tí Ọdẹ́níran tún lọ bá a, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó ní, "Sùúrù, ọmọ mi. A fẹ́ mọ ohun tí àwọn ará tẹ́ḿpìlì ń ṣe gan-an, kí a má baà ṣi orin kọ. Màmá kò sí níbi tí nǹkan ti ń yọ ọ́ lẹ́nu mọ́."

Ọdẹ́níran ní, "Èmi ni nǹkan ń yọ lẹ́nu, sà. N kò lè jẹun, n kò lè sùn. Ìyá mi wà nínú yàrá yìnyín bí ẹja."

"Mo mọ̀, mo mọ̀."

"Ẹ gbọ́ mi, sà. Bí mo bá lọ bi àwọn tí wọ́n ni orin náà fúnra wọn, tí mo sì mú èsì wá, ṣé ẹ ó jẹ́ kí n sin ìyá mi?"

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìjọ. Tísà ní òun gbà. Bọ̀dá Gídíónì ní òun gbà. Alàgbà Ṣówùnmí náà gbà. Ẹ má rò pé wọ́n ṣàánú ọmọ olókùú o. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ni àwọn ará àtijọ́ yóò gbè. Bí ó ti ń yẹ ìbọn rẹ̀ wò, Tísà fà á sẹ́yìn, ó ní kí ó bá òun kí wọn, kí ó sì sọ pé òun mọ gbogbo orin wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ ọ̀kan rí.

Ẹ̀yìn ìlú Ìgbórò ni Igbó Agbóhùnpamọ́ wà. Ohunkóhun tí ó bá ti dún rí láyé, ibẹ̀ ni ó ń lọ sùn. Bí o bá tẹ ewé gbígbẹ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀rín ìyàwó kan tí ó ti di ìyá àgbà ni wàá gbọ́, tàbí ikọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ti gbàgbé orúkọ rẹ̀. Èmi náà ti dé ẹnu ọ̀nà igbó yìí rí. N kò wọlé. Kì í ṣe ẹ̀rù, ẹsẹ̀ ni ó ń dùn mí lọ́jọ́ náà. Ta ni ó ń rẹ́rìn-ín yẹn?

Iwin kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà. Etí rẹ̀ tóbi débi pé ó tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ jókòó lé, ó sì fi èkejì bora.

Ó ké sí Ọdẹ́níran, ó ní, "Dúró níbẹ̀! Ariwo wo ni o ń gbé bọ̀ wá bá mi?"

"N kò sọ̀rọ̀ rárá, Bàbá. Ìbọn mi nìkan ni mo gbé, n kò sì tíì yìn ín."

"Irọ́ ni o ń pa. Orí rẹ ń hó. Tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan fún mi."

Ọdẹ́níran tẹ orí. Iwin náà gbá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbàmù, ni gbogbo àríyànjiyàn àwọn ará Ìgbórò bá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti inú etí rẹ̀ bí èsúnsún tí òjò lé jáde. Ohùn Tísà já bọ́. Ohùn Bọ̀dá Gídíónì já bọ́ lé e lórí. Bí wọ́n ṣe dé ilẹ̀ ni wọ́n tún di ara wọn mú, wọ́n ń jà. Iwin náà fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n pa. Ti Alàgbà Ṣówùnmí ni kò tètè kú, ó ń dá lẹ́kun orin tí kò sí ẹni tí ó kọ ọ́.

Iwin náà ní, "Ó dára. Dá mi lóhùn kí o tó kọjá. Kí ni àwọn ènìyàn ń jà lé lórí, tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ní in lọ́wọ́?"

"Ilẹ̀ ni."

"Ẹnì kan ń bẹ lórí ilẹ̀ náà tí ó ń ro ó."

"Adé ọba ni."

"Adé wà lórí ẹnì kan."

Iwin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí etí tí ó fi bora, kí ó lè fi wé Ọdẹ́níran mọ́ra, ẹni tí ó bá sì wọ inú etí yẹn, ó di ohùn nìyẹn. Ọdẹ́níran fà sẹ́yìn. Ó rántí pé bí òun bá di ohùn sínú etí iwin, kò sí ẹni tí yóò gbé ìyá òun kúrò ní mọ́ṣúárì láéláé. Ó pariwo, ó ní, "Orin tẹ́ḿpìlì ni! Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ rí nínú gbogbo wọn!"

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ó ní, "Kọjá. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ìlú tí ó wà níwájú, má ṣe jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o lè gbe orin."

Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n Ọdẹ́níran jẹ́ ọmọ ìyá ìjọ. Ó dé ìlú náà, tí wọ́n ń pè ní Ìlú Àdálé, ó bá obìnrin kan lẹ́nu ibodè tí ó ń lé orin kan tí ó dùn, kí ó tó mọ̀, ó ti gbè é. Ní ìlú yẹn, adarí orin ni olúkúlùkù. Ọmọ ọwọ́ ibẹ̀ kì í sunkún, orin ni ó ń lé. Nínú ilé ìsìn wọn, kò sí ìjókòó kankan fún ìjọ, pẹpẹ ni wọ́n kọ́ láti ògiri dé ògiri, gbogbo ìlú sì dúró lé e lórí, wọ́n kọjú sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Oníkálukú á lé tirẹ̀, á dúró kí wọ́n gbè é, kò ní rí ẹni tí yóò gbè é, á tún un lé. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìlú náà sílẹ̀, orin kan kò tíì parí níbẹ̀.

Nígbà tí obìnrin ẹnu ibodè gbọ́ ègbè, ó ké tòò. "Ẹ jáde o! Mo rí ẹni tí ń gbè! Tèmi ni o!"

Wọ́n tú jáde. Wọ́n gbé Ọdẹ́níran, wọ́n so ó mọ́ òpó níwájú pẹpẹ, ó sì di ìjọ wọn, òun nìkan ṣoṣo. Ó gbe ti ọ̀tún, ó gbe ti òsì. Àwọn tí ó kọrin fún ìyìn Ọlọ́run ń wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó ń gbe tiwọn kíkankíkan ju ti ẹnìkejì lọ. Ohùn rẹ̀ há, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, wọn kò fún un lómi, wọ́n ní omi yóò jẹ́ kí ó dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ẹ fi ọwọ́ sọ àyà pé kò sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yín. Mo ń dúró de yín.

Nígbà tí ìyà náà pọ̀, Ọdẹ́níran ronú. Ó gbé ohùn tí ó kù lọ́fun rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ̀yin adarí, mo ti gbà, màá máa gbè títí ayé. Ẹ ṣáà sọ fún mi, orin adarí tí ó ga jù ni kí n kọ́kọ́ gbè. Ta ni nínú yín?"

Ìjà dé. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń já aṣọ ìsìn mọ́ ara wọn lára. Obìnrin ẹnu ibodè tú okùn òpó láti fi na arákùnrin kan tí ó ní òun ni àgbà. Ọdẹ́níran bá rọra jáde. Àwọn tí kò tíì wọ ìjà kò rí i, nítorí pé ojú wọn wà ní dídì, orí wọn sì wà lókè, bí adarí orin ti í ṣe.

Ó rìn títí, ó dé Odò Eérú. Kò sí omi nínú rẹ̀, eérú ni, eérú igi kédárì àti ti aṣọ ìkélé àti ti wúrà tí ó yọ́. Ọdẹ́níran mú ọkàn le, ó gbé ẹsẹ̀ lé e, eérú náà sì gbà á. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ mọ àwa ọdẹ, bí inú wa bá ti dùn, ara wa ni a máa ń kì. Ó fi ohùn há-há yẹn bẹ̀rẹ̀ ìjálá: òun Ọdẹ́níran, òun tí ó lé iwin títí iwin fi gbàgbé bàtà, òun tí erin rí tí ó ní orí ń fọ́ òun. Kò tíì dé ìdajì tí ó fi rì dé orúnkún. Ó rò pé ìjálá náà kò lágbára tó, ó fi kún un. Ó rì dé ìbàdí.

Ó dákẹ́. Eérú náà dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ kan láìsọ̀rọ̀, eérú gbé e jáde díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe la odò náà kọjá, tí ó pa ẹnu mọ́, tí ó ń ronú nípa ìyá rẹ̀ nìkan. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ẹ kò ní rí fìlà mi mọ́ títí di òní, èmi fúnra mi mọ̀.

Ní òdìkejì odò ni àtẹ̀gùn òkúta ńlá kan wà tí kò lọ síbì kankan. Ilé tí ó yẹ kí ó wà lókè rẹ̀ kò sí mọ́, ojú ọ̀run ni ó wà níbẹ̀. Àwọn arúgbó ọkùnrin nínú aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun jókòó lórí àtẹ̀gùn náà láti ìsàlẹ̀ dókè. Ọmọ Léfì ni wọ́n, àwọn akọrin tẹ́ḿpìlì. Ọwọ́ wọn ń ta okùn tí kò sí, àwọn mìíràn ń lu aro idẹ tí kò sí lọ́wọ́ wọn pọ̀. Ọdẹ́níran dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ orin."

Olórí wọn, arúgbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà, gbé ojú sókè. Nínú igbó yẹn, ẹnikẹ́ni kì í nílò ògbufọ̀. Ó ní, "Dìde. Kí ni ọdẹ ń wá lọ́dọ̀ akọrin? Kò sí ẹran níhìn-ín."

"Àwọn ará ìlú mi ni ó rán mi, sà. Wọ́n ní kí n bi yín, èwo ni orin tòótọ́ nínú dùrù, fèrè àti ẹnu lásán?"

"Kí ni ń jẹ́ dùrù?"

Ọdẹ́níran ṣàlàyé. Ó ní àpótí kan ni, ó tó ilé ewúrẹ́, afẹ́fẹ́ ni ó ń wọ inú rẹ̀, ẹni tí ó ń tẹ̀ ẹ́ á máa fi ọwọ́ tẹ òkè, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀. Àwọn arúgbó náà wo ara wọn. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gun àtẹ̀gùn lọ dókè.

Olórí ní, "Èyí tí a ní kéré sí i, àyà ni a ń gbé e lé, okùn ìfun àgùntàn ni ó wà lára rẹ̀. Ti fèrè ńkọ́? Àwọn àlùfáà ní ìpè fàdákà. Kì í bá wa kọrin. Bí a bá dánu dúró díẹ̀, wọn á fun ún, àwọn ènìyàn á sì wólẹ̀. Ìlù? Àwọn obìnrin wa ń lù ú lóde bí wọ́n bá ń jó ijó ìṣẹ́gun. N kò rántí rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yìí."

"Àwọn tí wọ́n ń fi ẹnu lásán kọrin ńkọ́, sà?"

Ojú arúgbó náà korò. Ó ní, "Iná jó ilé náà. Ìwọ náà la eérú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí ilé lọ, àwọn ènìyàn wa ní àwọn kò ní fi ohun èlò yọ̀ mọ́, ọ̀fọ̀ ni àwọn wà. Àwọn ọmọlẹ́yìn Mèsáyà tiyín ń pàdé nínú yàrá àti lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì. Ọ̀rọ̀ orin wa ni wọ́n gbé jáde, bí obìnrin tí ilé rẹ̀ ń jó ti í gbé ọmọ rẹ̀ nìkan jáde, tí ó fi ìkòkò àti àwo sílẹ̀. Halelúyà tí ẹ ń ké, tiwa ni. Àmín náà, tiwa ni."

"Ohùn orin náà ńkọ́, Bàbá? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ mí ní ọ̀kan péré, kí n lè gbé e lọ sílé."

Àwọn arúgbó náà wo ìka ọwọ́ wọn. Olórí ní, "A ti gbàgbé rẹ̀."

"Ẹ ti gbàgbé?"

"Ó bá ilé náà jóná. A ṣì mọ̀ ọ́n lára, ìka wa ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò dún mọ́."

Ọdẹ́níran fi ọwọ́ lérí. Ó tún bi wọ́n, ó ní ọ̀rọ̀ kan wà láàárín àwọn orin wọn tí àwọn ará Ìgbórò máa ń kà jáde kíkankíkan, Sẹ́là, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Arúgbó kan ní ìsinmi ni. Èyí tí ó wà lókè rẹ̀ ní irọ́ ni, pé kí aro idẹ dún ni. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n gbé ohùn sókè ni, pé bàbá òun kọ́ òun bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan fa irùngbọ̀n ẹnìkan. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ìjà ti gba gbogbo àtẹ̀gùn, ó sì jọ ìpàdé ìjọ Ìgbórò tó bẹ́ẹ̀ tí Ọdẹ́níran fi ń wá Tísà láàárín wọn.

Ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Mo gbé! Ìyá mi ò ní rí sàréè wọ̀!"

Ẹkún náà mú kí wọ́n dákẹ́. Olórí sọ̀kalẹ̀ wá bá a. "Ìyá rẹ? Kí ló dé ìyá rẹ?"

"Ó ti kú, sà. Wọn kò jẹ́ kí n sin ín títí wọn yóò fi mọ orin tí ó tọ́."

Ojú arúgbó náà pọ́n bí ẹyin iná. "Òkú wà nílẹ̀, ẹ sì rán ọmọ rẹ̀ wá bi wá léèrè okùn àti idẹ? Gbọ́ mi dáadáa. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbé ọ̀dọ́ àgùntàn lé pẹpẹ. Bí iná bá ti mú un, tí wọ́n sì da wáìnì sílẹ̀, nígbà náà ni àwa ń la ẹnu. Ẹbọ ni ó ń pe orin. Ọjọ́ mìíràn, okùn hápù mi á já. Ọjọ́ mìíràn, ìdajì wa á ní ikọ́. Ṣé o rò pé wọn á pa iná pẹpẹ, kí wọ́n ní ó di ìgbà tí àwọn akọrin bá fẹnu kò? Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa la fi ń kọ ọ́. Lọ sílé. Ọ̀rọ̀ wa wà lọ́wọ́ yín. Ohùn ni kí oníkálukú mú wá láti ilé rẹ̀."

Ọdẹ́níran dìde, ó pa ẹnu mọ́ la odò àti Ìlú Àdálé kọjá, kò sì wo ẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó ń bọ̀, gbogbo Ìgbórò ti péjọ. Wọ́n ti gbé pósí Màmá Tàbítà wá síwájú pẹpẹ, Tísà ti wọ aṣọ, àwọn onífèrè ti nu fèrè wọn, Alàgbà Ṣówùnmí ti tún ọ̀fun ṣe. Ọdẹ́níran ròyìn gbogbo rẹ̀ láìbù kún un, láìyọ níbẹ̀. Ó ní wọ́n ta okùn. Àwọn ará dùrù pariwo ayọ̀. Ó ní àwọn àlùfáà fun ìpè. Bọ̀dá Gídíónì fò sórí àga. Ó ní lẹ́yìn iná, ẹnu lásán ni. Alàgbà Ṣówùnmí ké Halelúyà títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí ó dé ibi tí arúgbó ti sọ̀rọ̀ ẹbọ àti iná, kò sí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ mọ́. Wọ́n ti ń jà. Wọ́n ń jà dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé wọ́n ti ní ẹ̀rí wàyí.

Ọdẹ́níran wo pósí náà. Àwọn tí ń jà ti gbé ìwé orin àti fìlà lé e lórí bíi tábìlì. Inú bí i. Ó kó ìwé àti fìlà náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣẹ́jú sí àwa ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí a dúró lẹ́nu ọ̀nà. A wọlé, a gbé Màmá Tàbítà jáde. Ejìká òsì mi yìí ni mo fi gbé e. A gba àárín wọn kọjá, wọ́n tilẹ̀ yà fún wa, wọn kò dá ọ̀rọ̀ ẹnu wọn dúró.

Nígbà tí a gbé e sọ̀ sínú sàréè, a dúró, a ń wo Ọdẹ́níran. Ó la ẹnu. Ohùn ìjálá ni ó jáde, nítorí kò ní òmíràn. Ṣùgbọ́n kò ki ara rẹ̀, kò sì ki ẹranko. Ọ̀rọ̀ àwọn Hébérù àtijọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré ni ó ń fi sun ún, ohùn rẹ̀ há, ó sì ń já lójú ọ̀nà. Àwa ọdẹ gbè é. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, n kò sì tijú láti sọ ọ́. N kò tíì rí òkú tí wọ́n sin dáradára tó bẹ́ẹ̀.

A ti ń tẹ ilẹ̀ sàréè pọ̀ nígbà tí Olùṣọ́-àgùntàn Adégbùyì sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀.

Ó ní, "Ọdẹ́níran, ọmọ mi, wọ́n ti fẹnu kò! Ọlọ́run tóbi! Tísà yóò fi dùrù kọ ẹsẹ kìn-ín-ní, fèrè yóò gba ti èkejì, Alàgbà yóò sì fi ẹnu lásán kọ èyí tí ó kẹ́yìn. Wọ́n ní kí o jọ̀wọ́ gbé màmá padà wá."

Ọdẹ́níran nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó ní, "Ẹ bá mi kí wọn, sà. Ẹ sọ fún wọn pé orin náà dára, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kú ni kí wọ́n fi sin."

Olùṣọ́-àgùntàn jẹ́ iṣẹ́ náà bí ó ti rí, nítorí ẹ̀rù Ọdẹ́níran ń bà á. Wọ́n ní bí wọ́n ti gbọ́ ọ, Tísà wo Bọ̀dá Gídíónì, Bọ̀dá Gídíónì wo Alàgbà Ṣówùnmí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ìjókòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìpàdé mìíràn, nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fẹ́ kí wọ́n fi orin ẹnìkejì sin òun.